Kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù kọ̀ láti yọ: kí ló dì í mú?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mo fẹ́ pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù mi fúnra mi nílé, nítorí pé ìlà bọ́tìnnì kan ti kú pátápátá láti ìgbà tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti dà sí i lórí. Mo ti ra tuntun tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Mo tú gbogbo síkúrù tí mo rí nísàlẹ̀, mo sì ti àwọn ìkọ́ kéékèèké tó wà ní etí òkè kíbọ́ọ̀dù náà sẹ́yìn. Apá òsì dìde díẹ̀, ṣùgbọ́n àárín àti apá ọ̀tún kò mira rárá, bí mo bá sì fẹ́ gbé e, ńṣe ni àwo irin abẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dá ọwọ́ dúró. Kí ló ṣì lè máa dì í mú, báwo ni mo sì ṣe lè tú u láì ba nǹkan mìíràn jẹ́? Láptọ́ọ̀pù náà ti pẹ́ díẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ láti ìta, ó sì ní ibi tí wọ́n ń ki díìsì bọ̀.

Olùdáhùn Kìíní

Ẹ káre tí ẹ dá ọwọ́ dúró. Kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe orí kunkun. Bí kò bá yọ, nǹkan kan ló dì í mú, iṣẹ́ wa sì ni láti wá nǹkan náà rí, kì í ṣe láti bá a wọ̀yá ìjà. Èyí tí ẹ ń yọ yìí lè tẹ̀ o, ẹ kúkú fẹ́ sọ ọ́ nù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni okùn pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé agbára tó ń tẹ àwo irin náà lè fa okùn yẹn já, tàbí kí ó tu sọ́kẹ́ẹ̀tì tí okùn náà wọ̀ kúrò lára mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá inú ẹ̀rọ tí gbogbo nǹkan so mọ́. Kíbọ́ọ̀dù ṣeé rà, ṣùgbọ́n sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá tu, àfi ẹni tó mọ lẹ́ẹ̀dì yọ́ dunjú ló lè dá a padà.

Kí ẹ tó tún fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé ẹ pa ẹ̀rọ náà pátápátá, kì í ṣe pé ẹ kàn pa ojú rẹ̀ dé kí ó sùn. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ fọwọ́ kan irin kan tó fara kanlẹ̀ kí iná ara yín má baà ta sí mọ́dábọ́ọ̀dù.

Wàyí o, níwọ̀n ìgbà tí apá kan ti dìde tí apá kejì kò mira, síkúrù ni mo kọ́kọ́ máa fura sí. Àwọn síkúrù tó di kíbọ́ọ̀dù mú kì í wà lójú kan ṣoṣo, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ sì fẹ́ràn láti fi wọ́n pamọ́. Ẹ wo abẹ́ àwọn ẹsẹ̀ rọ́bà tí láptọ́ọ̀pù fi ń jókòó lórí tábìlì, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tí mẹ́mọ́rì àti hard disk wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì yẹ inú ihò tí bátìrì ń wọ̀ wò dáadáa. Ẹ fa ẹ̀rọ díìsì jáde pátápátá, kí ẹ wá fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò tó fi sílẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní síkúrù kan tàbí méjì níbẹ̀ tí ojú kò lè tó bí ẹ̀rọ díìsì bá ṣì wà lórí wọn. Ní ti àwọn ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ má kàn fi ojú wò wọ́n. Ẹ fi ìka tẹ̀ wọ́n láti etí dé etí. Ibi tí ìka yín bá ti rì wọlé díẹ̀, tí ẹ sì gbọ́ bí ìwé náà ṣe ń ró bí awọ ìlù, ihò síkúrù ló wà níbẹ̀.

Bákan náà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń ya àwòrán kíbọ́ọ̀dù kékeré sí ẹ̀gbẹ́ síkúrù tó bá di kíbọ́ọ̀dù mú, bí àpẹẹrẹ lára àwọn láptọ́ọ̀pù ThinkPad àtijọ́. Àwọn mìíràn a sì kọ lẹ́tà kan sí i. Bí ẹ bá rí àmì bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkúrù tó ṣì wà níbẹ̀, ìdáhùn yín nìyẹn. Ẹ tún rántí pé síkúrù kan wà tí kì í jáde kúrò nínú ihò rẹ̀ rárá bó ti wù kí ẹ yí i tó, nítorí pé wọ́n ṣe é kí ó dúró síbẹ̀ kó má baà sọnù. Irú ìyẹn, bí ó bá ti ń yí lófìfo tó sì ń fò díẹ̀díẹ̀, ó ti tú.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wá ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ yín. Lenovo ń pe tirẹ̀ ní Hardware Maintenance Manual, HP ń pe tirẹ̀ ní Maintenance and Service Guide, Dell náà sì ní tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Iye síkúrù, ìwọ̀n rẹ̀, àti ìhà tí kíbọ́ọ̀dù ń gbà jáde wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ènìyàn a lo gbogbo ọ̀sán lórí ohun tí ojú ìwé kan ti ṣàlàyé tán.

Olùdáhùn Kejì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹni ìṣáájú sọ. Kí n fi ọ̀rọ̀ ìhà kún un, nítorí pé ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró nìyẹn lẹ́yìn tí síkúrù bá ti tán.

Kíbọ́ọ̀dù tó ní ìkọ́ ní etí òkè sábà máa ń ní ahọ́n irin tàbí ahọ́n ike ní etí ìsàlẹ̀, èyí tó wọ abẹ́ ibi tí a ń gbé ọwọ́ lé. Ẹni tó bá ń gbé gbogbo rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ahọ́n wọ̀nyẹn ló ń bá jà. Etí òkè ni kí ẹ gbé díẹ̀, kí ẹ wá fà á síhà ojú láptọ́ọ̀pù títí àwọn ahọ́n yóò fi yọ kúrò lábẹ́ ike. Ní ti àwọn ThinkPad tí ẹni ìṣáájú dárúkọ, òdìkejì ni: lẹ́yìn tí síkúrù bá ti kúrò, a ó ti gbogbo kíbọ́ọ̀dù náà síhà ojú láptọ́ọ̀pù, etí ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ wa ni yóò sì kọ́kọ́ dìde.

Àwọn ìkọ́ etí òkè ní ìwà kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá ti ọ̀kan sẹ́yìn tí ẹ sì lọ bá èkejì, èkíní á tún padà dì í mú, nítorí pé ó ní sípíríǹgì. Nítorí náà, bí ẹ bá ti tú ìkọ́ kan, ẹ fi káàdì báǹkì tí kò wúlò mọ́, tàbí ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta gìtá, há àlàfo ibẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ sì mú òmíràn fún ìkọ́ tó tẹ̀ lé e. Ike ni mo sọ, kì í ṣe ọ̀bẹ. Irin a máa ha etí ike ara láptọ́ọ̀pù, ojú àpá náà kì í sì í lọ.

Àwọn ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n dá ihò sí nísàlẹ̀ fún ti kíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn tí síkúrù bá ti tán, a ó fi ohun tí kò ní ẹnu ṣóńṣó ti kíbọ́ọ̀dù jẹ́jẹ́ láti inú ihò náà, yóò sì bẹ́ sókè. Ẹ má ṣe é láì rí i nínú ìwé àtúnṣe pé ihò tí ẹ ń wò fún iṣẹ́ yẹn ni, nítorí pé ihò mìíràn lè jẹ́ ọ̀nà tààrà sí mọ́dábọ́ọ̀dù.

Olùdáhùn Kẹta

Ẹ jọ̀ọ́, kí a tó lọ jìnnà. Bátìrì ẹni tó béèrè ṣeé yọ, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí, tí kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ há, tí àárín rẹ̀ wú sókè, tí pátákó ìfọwọ́tọ́ tí a ń fi ìka darí ọfà kò tẹ̀ mọ́, tàbí tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò jókòó pẹrẹsẹ lórí tábìlì mọ́, kí ó fura sí bátìrì inú. Bátìrì lithium tó ti ń bàjẹ́ a máa kó gáàsì sínú ara rẹ̀, a sì wú, yóò wá máa ti kíbọ́ọ̀dù láti ìsàlẹ̀, síkúrù pàápàá á le nítorí pé ohun tó wà lábẹ́ ń fà á. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun há a, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì gún un láé. Bátìrì tí a gún lè gbiná lójú ẹsẹ̀, omi tí àwọn tó wà nítòsí bá dà sí i kì í sì í tètè pa á. Ẹ yọ ṣájà, ẹ má tan ẹ̀rọ náà mọ́, ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó lè gbiná, kí ẹ sì gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, tó sì mọ ibi tí wọ́n ń kó irú bátìrì bẹ́ẹ̀ sí. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ilé.

Olùdáhùn Kẹrin

Ọ̀rọ̀ ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ẹ sọ ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ ni ó ń di gọ́ọ̀mù nígbà tí omi bá ti gbẹ tán. Ó lè ti ṣàn gba ojú bọ́tìnnì, kí ó gba ihò àwo irin kọjá, kí ó sì lẹ kíbọ́ọ̀dù mọ́ ike abẹ́ rẹ̀. Bí gbogbo síkúrù bá ti tú tí àárín ṣì di, mo gbà pé òun ni.

Isopropyl alcohol, ọtí tí wọ́n fi ń nu ẹ̀yà ẹ̀rọ, tó tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ lò, nítorí pé kì í pẹ́ gbẹ, omi inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ má dà á sílẹ̀ gbàrà. Ẹ rẹ òwú tí wọ́n fi ń nu etí sínú rẹ̀, ẹ fi kan àlàfo etí ibi tó ti dì, ẹ jẹ́ kí ó wọlé fúnra rẹ̀, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó fi ike pẹlẹbẹ yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ike náà bá wọlé díẹ̀ tó tún dúró, ẹ tún fi òwú kàn án. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀, kò sí iná, àkókò sì wà. Ìkánjú ló ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́.

Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan tún wà tí iléeṣẹ́ fi téèpù olójú méjì lẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ, lórí ooru tó rẹlẹ̀ jù lọ, a máa rọ gọ́ọ̀mù náà. Ẹ máa gbé e kiri, ẹ má dúró lójú kan.

Olùdáhùn Kìíní

Mo fara mọ́ ti alcohol. Ní ti ooru, mo gbọ́dọ̀ sọ èrò mi gbangba: mi ò ní gba ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ nímọ̀ràn pé kí ó fi ooru ṣe é, àyàfi bí ìwé àtúnṣe bá sọ pé téèpù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ooru a máa mú kí ike bọ́tìnnì tẹ̀, ojú láptọ́ọ̀pù náà ò sì jìnnà sí ibi tí ẹ ó ti máa lò ó. Ooru kì í sì í ṣe ohunkóhun fún síkúrù tó ṣì wà nínú ihò, ohun tó sì sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni náà ò tíì tú síkúrù tán.

Olùdáhùn Kẹrin

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀: síkúrù ni àkọ́kọ́, alcohol tẹ̀ lé e, ooru gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá sì máa lò ó, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kan ibẹ̀ lóòrèkóòrè. Bí ara yín kò bá gbà á, kíbọ́ọ̀dù náà kò gbọ́dọ̀ gbà á.

Olùdáhùn Karùn-ún

Okùn ni tèmi, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó ti ń lọ dáadáa máa ń bàjẹ́ sí. Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù bá yọ, inú ẹni a dùn, ọwọ́ a sì yá láti gbé e kúrò. Ẹ má gbé e. Ẹ gbé etí rẹ̀ kan sókè, ẹ yí i dojú dé sórí ibi ìgbọ́wọ́lé, kí ẹ wá wo abẹ́ rẹ̀.

Okùn pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ní iná abẹ́, okùn kejì tó kéré sí i yóò wà, bí ó bá sì ní kókó pupa tí wọ́n fi ń darí ọfà láàárín bọ́tìnnì, ó lè ní òmíràn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ìdè ike dúdú, funfun tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó di okùn mú. Oríṣi méjì ni ẹ ó sábà rí. Èkíní a máa ṣí sókè bí ìlẹ̀kùn: ẹ fi èékánná tàbí etí ike gbé e sókè láti ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi nà ró. Èkejì kì í dìde, ńṣe ni a ń fa etí rẹ̀ méjèèjì síwájú díẹ̀díẹ̀, tí kò sì ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó pinnu. Bí ẹ bá fi agbára gbé èyí tó yẹ kí ẹ fà, yóò kán, kò sì sí ohun tí yóò di okùn mú mọ́. Lẹ́yìn tí ìdè bá ti ṣí, okùn yóò jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ láì lo agbára. Bí kò bá jáde bẹ́ẹ̀, ìdè náà kò tíì ṣí.

Bí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ẹ ki okùn rẹ̀ wọlé tààrà, kì í ṣe ní ìdagun. Ọ̀pọ̀ okùn ní ìlà funfun tàbí àlẹ̀mọ́ búlúù kan nítòsí ẹnu rẹ̀. Ìlà náà gbọ́dọ̀ bá ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì dọ́gba láti òsì dé ọ̀tún kí ẹ tó ti ìdè padà. Ẹni tí kíbọ́ọ̀dù tuntun rẹ̀ ń tẹ lẹ́tà kan tí kò tẹ òmíràn, okùn tó wọ̀ ní ìdagun ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó dá ẹni tó ta ọjà lẹ́bi.

Olùdáhùn Kẹfà

Kí ẹni tó ní ẹ̀rọ tuntun má baà ka gbogbo èyí kí ó sì máa wá ìkọ́ tí kò sí: ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tín-ín-rín òde òní ni kíbọ́ọ̀dù wọn kì í jáde láti òkè rárá. Inú ni wọ́n ti so ó mọ́ ara ẹ̀rọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú síkúrù wẹ́wẹ́ tó pọ̀ yanturu, nígbà mìíràn pẹ̀lú orí ike tí wọ́n fi iná yọ́ mọ́ ọn. MacBook wà lára wọn. Nínú àwọn MacBook Pro ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, apá òkè ara ẹ̀rọ ni Apple máa ń pààrọ̀ lódindi, tòun ti bátìrì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù oníyẹ̀ẹ́ labalábá tó jáde ní ọdún 2015 ń há, tó sì ń tẹ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì, Apple bẹ̀rẹ̀ ètò àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún un ní ọdún 2018. Ẹni tó bá rí orí ike tí wọ́n yọ́, kí ó mọ̀ pé gígé ni wọ́n ń gé wọn, lílẹ̀ padà sì nira. Bí kì í bá ṣe pé ó ti mọwọ́ iṣẹ́ náà, kí ó ra apá òkè náà lódindi.

Òdìkejì wọn ni Framework Laptop 13: síkúrù márùn-ún nísàlẹ̀ tí kì í bọ́ sílẹ̀, òòfà ló sì di òkè mú, tí ẹ ó fi gbé e kúrò láì fi ike há ohunkóhun. Inú mi a máa dùn bí mo bá rí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe báyìí. Ó yẹ kí gbogbo iléeṣẹ́ ro ti ẹni tí yóò tún un ṣe.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Síkúrù ni lóòótọ́. Ọ̀kan wà nínú ihò bátìrì lábẹ́ ìwé pélébé tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí, ìka mi sì rì bí wọ́n ṣe sọ. Òmíràn wà lẹ́yìn ẹ̀rọ díìsì. Nígbà tí mo tú wọn, apá ọ̀tún dìde lójú ẹsẹ̀, àárín nìkan ló kù, alcohol ló sì tú ìyẹn. Ó lẹ̀ mọ́ ike abẹ́ rẹ̀ ní ojú tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tó le koránkorán. Ìdè okùn mi jẹ́ oníṣíṣí sókè, ó sì ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tó kù tí mo fẹ́ béèrè ni pé díẹ̀ lára ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà ti kán sórí mọ́dábọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n fọwọ́ kàn án?

Olùdáhùn Kẹrin

Ẹ fọwọ́ kàn án, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣúgà a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, ọ̀rinrin náà a sì máa jẹ bàbà tó wà lórí pátákó náà. Bí ẹ bá rí ohun aláwọ̀ ewé tàbí funfun tó dà bí èrún iyọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì ìfọnyín rírọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò rí, ẹ rẹ ẹ́ sínú alcohol yẹn kan náà, kí ẹ fi gbo ibẹ̀ jẹ́jẹ́ síhà kan, kí ẹ sì fi aṣọ tí kì í bọ́ òwú nu ún. Ẹ wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Bí eyín rẹ̀ kan bá ti dúdú, kíbọ́ọ̀dù tuntun pàápàá lè má ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ pátápátá kí bátìrì tó padà.

Olùdáhùn Karùn-ún

Kí ẹ tó fi síkúrù kankan padà, ẹ so okùn kíbọ́ọ̀dù tuntun, ẹ gbé e lé ibi tó ń jókòó láì tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ fi bátìrì sí i, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ náà. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ti lè kọ ọ̀rọ̀, kí ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti Shift, àti àwọn tó wà ní ìlà òkè pátápátá. Ẹ wo bọ́tìnnì Enter pẹ̀lú: bí ó bá gùn gbọọrọ ní ìdúró tí ti àtijọ́ sì jẹ́ pẹlẹbẹ, àtẹ orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n tà fún yín, àwọn àmì kan yóò sì ṣí kúrò ní ipò wọn. Ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó, nísinsìnyí ló rọrùn jù láti dá a padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, ẹ tún yọ bátìrì, kí ẹ tó máa dì í. Kí síkúrù kọ̀ọ̀kan padà sí ihò tirẹ̀ gan-an. Síkúrù tó gùn jù bí ó bá wọ ihò kúkúrú lè gún kíbọ́ọ̀dù tuntun láti ìsàlẹ̀, tàbí kí ó lu mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí ẹ kò bá tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde, ẹ tò wọ́n sórí ìwé nísinsìnyí nípa gígùn wọn, kí ẹ fi wé iye àti ìwọ̀n tó wà nínú ìwé àtúnṣe. Ẹ yí wọn títí wọn yóò fi dúró, kí ẹ má fi agbára kún un mọ́, nítorí pé ihò tí wọ́n wọ̀ kì í ṣe irin líle, bí ojú rẹ̀ bá ti jẹ, síkúrù kò ní mú mọ́.